Àrùn tí A Ń Pè ní Kògbóògùn Ń Gbọ́ Oògùn, Ṣùgbọ́n Kì í Dúró De Ẹnikẹ́ni

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe irú èyí tí a máa ń sọ sókè ní mọ́sálásí, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ojú bá ń tì láti kà á níwájú àwọn ọmọ, kí ó ká ìwé ìròyìn náà sí àpò agbádá, kí ó lọ kà á ní ìyẹ̀wù.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, ọkùnrin oníṣòwò aṣọ kan dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe àlùwàlá. Ó dúró títí gbogbo èrò fi túká tán. Ó ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ kan ń jẹ òun lọ́kàn. Ó ti rìnrìn àjò lọ ra ọjà, ilẹ̀ ṣú bá a ní alẹ́ Àlàádì, ó wọ ilé èrò kan, ó sì bá obìnrin tí kò mọ̀ rí sùn láìlo rọ́bà. Láti òwúrọ̀ Àtìní ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ìyàwó méjì ni ó ní. Kò tíì súnmọ́ ọ̀kankan nínú wọn láti ìgbà tí ó ti dé. Ó ń purọ́ fún wọn pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Mo bi í léèrè ohun tí ó ti ṣe sí i. Ó ní òun ti gbé ampiclox mì fún ọjọ́ mẹ́ta, òun ti fi omi gbígbóná àti ọtí fọ abẹ́ òun, òun sì ti lọ bá áfáà kan tí ó fún òun ní hàǹtú mu. Mo ní, “Ọsibítù ńkọ́?” Ó wò mí lójú, ó ní, “Àlàájì, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ṣebí kògbóògùn lorúkọ rẹ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ lórí ìka mi. Láti alẹ́ Àlàádì dé ọ̀sán Jímọ̀, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún wákàtí. Bẹ́ẹ̀ ni oògùn kan wà tí ó lè dí kòkòrò HIV lọ́nà kí ó má ráyè jókòó sí ara ẹni, bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí lò ó kí wákàtí 72 tó pé. Alẹ́ Àlàrùbá ni ilẹ̀kùn yẹn ti sé mọ́ ọn. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta tí ilẹ̀kùn náà fi ṣí sílẹ̀, inú ìlú tí ọsibítù ìjọba wà ni ọkùnrin yìí wà, tí ó ń ta aṣọ rẹ̀, tí ó ń kí ìrun rẹ̀, tí ó ń gbé ampiclox mì. Ó yọ̀ǹda fún mi kí n kọ ọ̀rọ̀ náà, bí n kò bá ti dárúkọ òun tàbí ìlú òun.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe òṣì ni ó dá a dúró, kì í sì í ṣe ọ̀nà jíjìn. Orúkọ ni. Orúkọ a sì máa ro ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí orúkọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1985 ni a kọ́kọ́ rí àrùn yìí lára ènìyàn ní Nàìjíríà, nígbà tí ó di 1986 a kéde rẹ̀. Ní ìgbà náà kò sí ohun tí dókítà lè ṣe sí i. Oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí, AZT, jáde ní 1987, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè dá ìjà náà jà. Ẹni tí éèdì bá mú, à ń wò ó ni yóò máa rù títí yóò fi kú. Ní oṣù kẹjọ 1997 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tí ó ti ṣe mínísítà ìlera rí, sì jáde sí gbangba pé éèdì ni ó pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ti ń sọ pé àròsọ òyìnbó ni, ọjọ́ náà ni a tó gbà. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n sọ ọ́ ní kògbóògùn kò purọ́ nígbà náà. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rù ba ènìyàn kí ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, ẹ̀rù náà sì bà wá dáadáa.

Ṣùgbọ́n láti 1996 ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé bí a bá da oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà kò lè dìde mọ́. Láti ọdún 2003 tí ìjọba Amẹ́ríkà lábẹ́ Ààrẹ George W. Bush ti dá ètò PEPFAR sílẹ̀, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́pọ̀ yanturu. Lónìí, ẹni tí ó ní kòkòrò náà, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, lè gbó, kí ó tọ́, kí ó sì rí ọmọ ọmọ. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí oògùn bá ti tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni náà kò lè kó o ran ẹni tí ó bá bá lò pọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, a tọ àwọn méjì-méjì 888 tí wọ́n ń gbé pọ̀ lẹ́yìn, tí ọ̀kan ní kòkòrò náà tí èkejì kò ní in. Ìbálòpọ̀ wọn láìlo rọ́bà tó nǹkan bí ìgbà 58,000. Nígbà tí a gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2016, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó kó o láti ara ẹnìkejì rẹ̀ tí ń lo oògùn.

Òótọ́ ni pé oògùn náà kì í lé e kúrò pátápátá. Ẹni tí ó bá dẹ́kun lílò rẹ̀, kòkòrò náà yóò tún jí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Mélòó nínú àwọn Àlàájì àti Àlàájà wa ni kò ní oògùn tí wọn yóò máa lò títí ọjọ́ ikú? Ta ni ó sọ ìyẹn ní kògbóògùn?

Wàyí o, báwo ni ẹni tí ó ṣe bí ọkùnrin yìí ti ṣe ṣe lè mọ̀ bí ewu tirẹ̀ ti pọ̀ tó? Kòkòrò náà ń gbé inú ẹ̀jẹ̀, inú àtọ̀, inú omi ojú ara obìnrin, inú omi ihò ìdí àti inú omi ọyàn. Kò sí nínú itọ́, kò sí nínú òógùn ara bí èyí tí ó lè ran ẹni. Bùtá àlùwàlá kan náà, ẹní ìkírun kan náà, àwo ìṣínu kan náà, ẹ̀fọn tí ó jẹ ẹnì kan tí ó tún jẹ ẹlòmíràn, kò sí ọ̀kan tí ó lè gbé e. Mo sọ èyí nítorí pé mo ṣì ń rí àwọn tí ń sún sẹ́yìn nínú sáàfù nítorí ẹni tí wọ́n gbọ́ pé ó ní in.

Ní ti ìbálòpọ̀, àjọ ìdènà àrùn ti Amẹ́ríkà, CDC, ti ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnìkejì ní kòkòrò náà, tí kò lo oògùn, tí kò sì sí rọ́bà: bí ọkùnrin bá bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lò pọ̀ ní ìgbà ẹgbàárùn-ún, èyíinì ni ìgbà 10,000, ó lè kó o ní nǹkan bí ìgbà 4. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ni kò ní in, nǹkan bí ìgbà 8. Bí ó bá jẹ́ ti ihò ìdí, ẹni tí a ń ṣe é sí lè kó o ní nǹkan bí ìgbà 138. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá láti mẹ́nu kan èyí tí ó kẹ́yìn yìí, nítorí ó wà nínú ilé tọkọtaya mìíràn, àwọn kan sì rò pé kò léwu níwọ̀n ìgbà tí kò ti lè fún ni lóyún. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò gún ara rẹ̀ láti fi gba oògùn olóró, tirẹ̀ tó 63.

Mo mọ̀ ohun tí oníṣòwò yóò sọ bí ó bá gbọ́ mẹ́rin nínú ẹgbàárùn-ún. Yóò ní, “Ìyẹn kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí n máa bá ọjà mi lọ.” Sùúrù! Ìṣirò àpapọ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe ìṣirò tìrẹ. Bí egbò bá wà lójú ara, bí àtọ̀sí tàbí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn bá wà lára ọ̀kan nínú wọn, ewu náà fò sókè. Bí ẹnìkejì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kòkòrò náà ń pọ̀ jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà náà gan-an, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Ojú kò sì lè fi hàn. Ẹni tí ó sanra, tí ó dán, tí ó wọ aṣọ funfun lè ní in. Àwọn kan ti kó o ní ìgbà kan ṣoṣo. Iye yẹn wúlò fún ohun kan: kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà má ṣe rò pé òun ti kú tán. Kò wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ fi jókòó sílé.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ wákàtí 72? Mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké, nítorí ohun tí ó bá yé ènìyàn ni ó ń sáré sí. Kòkòrò náà kì í dé inú ẹ̀jẹ̀ lójú kan náà tí ó bá wọ ara. Ibi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó gbà wọlé ni ó kọ́kọ́ máa ń ba sí. Níbẹ̀ ni ó ti ń wọ inú àwọn ẹ̀ṣọ́ ara, tí ó ń bí sí i díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ bí i méjì sí mẹ́ta ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà yóò gbé e dé àwọn kókó inú ara, irú èyí tí ó máa ń wú lábẹ́ abíyá nígbà tí egbò bá wà lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ ni yóò ti tú sínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì wá ibi ìfarapamọ́ tí oògùn kò lè tú u dé. Ó dàbí olè tí ó ṣì wà ní ìloro: ẹni tí ó bá tètè pariwo lè lé e, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé inú yàrá tí ó ti ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn.

Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀bọ. Wọ́n fi irú kòkòrò náà tí ó máa ń mú ọ̀bọ sí wọn lára, wọ́n wá fún wọn ní oògùn tí a ń pè ní tenofovir. Àwọn tí a bẹ̀rẹ̀ sí fún lóògùn láàárín ọjọ́ kan, tí a sì fún un fún ọjọ́ 28 gbáko, kòkòrò náà kò ráyè jókòó lára wọn. Àwọn tí a jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, àti àwọn tí a dá oògùn wọn dúró ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹwàá, ààbò tiwọn kò pé. Ní 1997, ọdún tí ó ṣáájú èyí, ìwádìí ti jáde lórí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ gún lẹ́nu iṣẹ́: àwọn tí wọ́n lo AZT lẹ́yìn rẹ̀, ewu tiwọn fi nǹkan bí 81 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Èyí ni ìdí ọjọ́ mẹ́ta, èyí náà ni ìdí ọjọ́ 28. Wákàtí 72 sì ni òpin rẹ̀. Wákàtí kejì sàn ju ìkẹwàá lọ, òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní sàn ju alẹ́ ọjọ́ kẹta lọ fíìfíì.

PEP ni àwọn dókítà ń pe oògùn ìdènà yìí. Ẹni tí ó bá nílò rẹ̀, ọsibítù ìjọba tàbí ilé ìwòsàn tí a ti ń fún ni lóògùn HIV ni kí ó gbà lọ tààrà. Bí ó bá jẹ́ òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀, kí ó gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ. Kò nílò ìtàn gígùn. Kí ó kàn sọ pé, “Mo bá ẹni tí n kò mọ ipò rẹ̀ lò pọ̀ láìlo rọ́bà ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí. PEP ni mo wá gbà.” Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ó ti ní kòkòrò náà tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú tòótọ́ ni ó kàn án, kì í ṣe ìdènà. Wọn yóò wo àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B pẹ̀lú, nítorí oògùn kan náà ń kan òun náà. Wọn yóò wo kíndìnrín, wọn yóò wo àwọn àrùn ìbálòpọ̀ tó kù, àti oyún bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n ní kí òun lọ padà wá lọ́la nítorí èsì kan tí kò tíì jáde. Oògùn àkọ́kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ wọ ẹnu, kí èsì máa bọ̀ lẹ́yìn.

Oògùn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir, a sì sábà máa ń pò wọ́n sínú hóró kan ṣoṣo. Hóró kan lójúmọ́, ọjọ́ 28. Èébì lè máa gbé ẹlòmíràn, orí lè máa fọ́ ọ, oorun lè má kùn ún. Ní ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí àyà kò bá já mọ́, ni ọ̀pọ̀ máa ń jù ú sílẹ̀. Ẹ rántí àwọn ọ̀bọ yẹn. Kí a sọ gbogbo oògùn mìíràn tí a ń lò fún dókítà, títí kan oògùn inú rírun, oògùn ẹ̀jẹ̀, àti àgbo, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tí kì í jẹ́ kí dolutegravir wọ ara dáadáa. Bí ó bá bọ́ sínú Ràmàdáánì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni a ń lò ó, a lè lò ó ní sààrì tàbí ní ìṣínu. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá sì gbé àwẹ̀, ó mọ ohun tí ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún aláìsàn. Mo gbọ́ pé ẹnì kan jù ú sílẹ̀ nítorí àwẹ̀. Kò sí áfáà tí ó mọ̀wé tí yóò sọ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé PEP ń dáàbò bo ẹni nígbà gbogbo láìkùnà. Nítorí náà ni àyẹ̀wò fi tún wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, àti ní oṣù kẹta. Ẹni tí wákàtí 72 ti kọjá lórí rẹ̀, bí i ọkùnrin tiwa yìí, àyẹ̀wò kan náà ni tirẹ̀: ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù ní àkókò wọn. Àyẹ̀wò tí a bá ṣe ní ọjọ́ karùn-ún kò lè sọ ohunkóhun nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo ti rí ẹni tí ó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ọpẹ́ láìtọ́jọ́. Bí ibà, ọ̀nà ọ̀fun dídùn tàbí èélá bá yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí ó tètè lọ sọ fún dókítà, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé ibà lásán náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé ẹlòmíràn kì í rí àmì kankan. Ara kì í ṣe yanrìn tí a ń tẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé ó wà, kí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ọjọ́ náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá le jù lọ nìyí: ìyàwó ilé. Láti ọjọ́ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ títí àyẹ̀wò oṣù kẹta yóò fi jáde, ẹni náà kò gbọdọ̀ bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ láìlo rọ́bà, kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Oṣù mẹ́ta! Ta ni ẹ̀yìn yóò máa dùn fún oṣù mẹ́ta tí ìyàwó méjì kò ní fura? Bí ó bá sì gbé rọ́bà jáde lójijì lẹ́yìn ogún ọdún ìgbéyàwó, ìbéèrè kò ní pẹ́ dé. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé ẹ̀sìn wa kọ́ wa láti bo àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun ti bò, kí a túúbá sí kọ̀rọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n àṣírí tí ó lè di àìsàn lára ẹlòmíràn kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́. Bí ọkùnrin kan bá lè ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ láìsọ ìdí rẹ̀, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni sínú ewu, èyíinì wà láàárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Bí kò bá lè ṣe é, kí ó sọ. Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn a máa bá tọkọtaya jókòó lórí irú rẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn Lèmọ́mù wa náà kọ́ bí a ti ń ṣe é.

Ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, tí a gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, HIV wà lára 1.9 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, ó sì wà lára 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin. Obìnrin ju ìlọ́po méjì ọkùnrin lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi obìnrin ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú wàásù lórí àrùn yìí, ẹ tún iye náà kà. Ara obìnrin ni ó ń gba kòkòrò náà sí jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà tí kò bá ẹlòmíràn lò pọ̀ rí lẹ́yìn ọkọ wọn.

Àwọn kan sì wà tí a fi ipá bá lò pọ̀: ìyá oníṣòwò tí adigunjalè dá lọ́nà, ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà. Wákàtí 72 kan náà ni tiwọn, oògùn tí kì í jẹ́ kí oyún dúró sì wà pẹ̀lú, tí òun náà fẹ́ ìyára. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé àfi kí ìwé ọlọ́pàá dé kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ní Èkó, Mirabel Centre tí a dá sílẹ̀ ní 2013 nínú ọsibítù LASUTH ní Ìkẹjà ń tọ́jú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó bá ń wẹ ọmọ rẹ̀, tí ó ń ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni kí ọkọ má baà kọ̀ ọ́, aago ń lọ lórí ọmọ náà.

Ẹ̀wẹ̀, láti 2025 ni àwọn kan ti ń sọ lọ́jà pé oògùn HIV ti tán ní Nàìjíríà, pé Amẹ́ríkà ti kó o lọ. Bí ó ti rí nìyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, Ààrẹ Donald Trump dá ìrànwọ́ Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí PEPFAR ń gbé sì mì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ oògùn àwọn tí ó ti ní àrùn náà kúrò nínú ìdádúró ọ̀hún, ṣùgbọ́n ìdènà kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. Ní oṣù kejì, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà wa ní Àbújá fọwọ́ sí bílíọ̀nù ₦4.8 láti fi ra oògùn HIV. Ẹ̀kọ́ tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé a ti fi ẹ̀mí wa há ọwọ́ ẹlòmíràn pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó wà nínú wákàtí 72 má ṣe fi ọ̀rọ̀ ọjà ṣe ìpinnu. Kí ó lọ síbẹ̀ kí ó lọ béèrè. Bí ibì kan kò bá ní in, kí ó ní kí wọ́n júwe ibi tí ó wà.

Ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn ilé ìwòsàn náà kò tíì tán. Mo mọ ibì kan tí nọ́ọ̀sì ti bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan léèrè níwájú èrò pé, “Ìwọ ni o wá gba oògùn alágbèrè?” Ọmọ náà yí padà, ó lọ. Ibòmíràn wà tí oògùn yìí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ kì í wá ní Sátidé àti Àlàádì. Bẹ́ẹ̀ òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ jù. Ní 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí a má fi PEP sílẹ̀ fún dókítà ńlá nìkan, kí àwọn oníkẹ́míìsì tí ó kọ́ṣẹ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò náà lè máa fún ni. Ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa mú èyí lò. Oníkẹ́míìsì ní ẹnu ọ̀nà ọjà kì í ti ilẹ̀kùn ní Sátidé.

Ní ti mọ́sálásí, a ní àpẹẹrẹ rere, a sì ní búburú. Ní Uganda, láti 1992, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Mùsùlùmí níbẹ̀ kó àwọn Lèmọ́mù jọ ní Mpigi àti Iganga, wọ́n kọ́ wọn ní bí àrùn náà ti ń ràn àti bí a ti ń dènà rẹ̀, àwọn Lèmọ́mù sì ń gbé ẹ̀kọ́ náà lọ láti ilé dé ilé. Àjọ UNAIDS kọ ìwé lé e lórí ní 1998 kí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní Gambia, ní 2007, Ààrẹ Yahya Jammeh jáde pé òun lè wo éèdì sàn pẹ̀lú ewé àti àdúrà, ó sì ní kí àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ òun jáwọ́ nínú oògùn ọsibítù. Ẹ̀yin áfáà tí ẹ ń fún ènìyàn ní hàǹtú, n kò bá yín jà. Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n Ànábì wa kọ́ wa láti máa wá ìtọ́jú, ẹni tí ó bá sì wá sọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ kejì, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ bá a dá kẹ̀kẹ́ dúró lọ sí ọsibítù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

A ti ń béèrè ìwé àyẹ̀wò HIV ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí kí a tó so yìgì. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ń so yìgì, ìrìn àjò ọjà kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó tó kí ẹgbẹ́ àsàlátù kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan, ọkùnrin kan fún ọkùnrin, obìnrin kan fún obìnrin, tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé a lè pè ní òru láti béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ jáde.

Ọkùnrin oníṣòwò aṣọ náà ti ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Wọn kò rí kòkòrò kankan, ó sì yé e pé ìyẹn kò tíì sọ nǹkan nípa alẹ́ Àlàádì yẹn. Àyẹ̀wò tí ó kàn ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí mo ń kọ èyí. Ó ti sọ fún ìyálé rẹ̀. Ìyálé sunkún, ó sì ní òun yóò tẹ̀lé e lọ. Ìyàwó kékeré ṣì rò pé ẹ̀yìn ni ó ń dùn ún.